Obìnrin Ojú Ewé

Èmi ni mo ń kó èédú síná nílé náà,
ní Liverpool, lọ́dún tí òjò kò jẹ́ kí a rí oṣù.
Mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi; ẹsẹ̀ mi kan kò lè bá ìgbì rìn mọ́.
Wọ́n fún mi ní ṣọ́bìrì, wọ́n ní kí iná má kú.

Ọjọ́ Ajé ni àpótí dé láti ilẹ̀ Faransé.
Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi dì wọ́n bí ẹyin.
Àwòrán mẹ́tàdínlógún:
igi tí wọ́n rẹ láró,
òkun tó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn,
àti obìnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbúre.

Ìlú dé, ìlú rẹ́rìn-ín.
Alágbàtà òwú kan na agbòjò sí i, ó fẹ́ gún un nímú.
Ìwé ìròyìn ní wèrè ló yà á.
Ìyá kan fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lójú.
Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, ni wọ́n ń wí nílé wa;
àwọn wọ̀nyí rí i, wọ́n bú u.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà kan wà.
Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pé jọ lókè, nínú yàrá ìwé:
Mísì Askew tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Gíríìkì,
Dókítà Pomfret tí kì í bọ́ ìbọ̀wọ́,
akọ̀wé báńkì kan tó ń kọ ewì ní ìkọ̀kọ̀.
Àwọn yòókù, n kò mọ orúkọ wọn, mo mọ bàtà wọn.
Tíì á tutù nínú ife, wọn kò ní mu ún.
Wọn a jà, wọn a rẹ́, wọn a tún jà nítorí ilà kan ṣoṣo.
Ọ̀kan á kọ lẹ́tà sí olóòtú, ọ̀kan á lọ bá bíṣọ́ọ̀bù jẹun.
Dókítà ra èyí tó kéré jù,
ó gbé e kọ́ síbi tí gbogbo aláìsàn rẹ̀ ń jókòó sí.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà:
àyà àlejò tí wọn kò rí rí ni wọ́n ń bá a sọ.

Lọ́jọ́ kan Mísì Askew bá mi níwájú obìnrin náà, ṣọ́bìrì lọ́wọ́.
Ó ní, "Kí ni ìwọ rí?"
Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan rí nínú ilé yẹn,
àfi iye èédú tó kù.
Mo ní, "Mà, ojú ẹni tó ń dúró de lẹ́tà ni.
Fìtílà ń kú lọ, kò fẹ́ bu epo sí i,
torí bó bá bu epo, ó ti gbà pé lẹ́tà kò ní dé lálẹ́ yìí."
Ó wò mí. Ó mú pẹ́ńsù.
N kò sọ fún un pé Ìbídùnni ni,
ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, ọdún kẹta tí n kò kọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà.
Mísì Askew dìde, ó sọ ọ́: fìtílà, epo, lẹ́tà.
Ohùn tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ.
Alágbàtà òwú mí kanlẹ̀. Ó gbé agbòjò sílẹ̀.
Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n;
gbólóhùn kan péré kún yàrá mẹ́ta.
Kò dárúkọ mi. Bóyá ó gbàgbé. Bóyá ó rò pé iná ló sọ ọ́.
N kò bínú.
Rárá, irọ́ ni, mo bínú:
mo da èédú sí i títí gbogbo wọn fi ń bọ́ kóòtù.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Obìnrin ojú ewé ti di ará ìlú,
ó ní férémù oníwúrà, ó ní okùn pupa níwájú.
Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tò, wọ́n ń da gbólóhùn náà kọ sínú ìwé.
Èmi náà san ṣílè kan.
Ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ ọ ní, "Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀,
ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí fún yín."
Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.
Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fìlà,
mo rọra sọ ọ́ lédè wa, kí okùn má gbọ́:
"O kú ojú lọ́nà."